Wọ́n ní àwọn á wá gba abẹ́rẹ́, wọn ò wá: iṣẹ́ olùyọ̀ǹda láàárín àwọn àgbàlagbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni alákòóso ẹgbẹ́ kékeré kan tí a yọ̀ǹda ara wa láti máa ran àwọn àgbàlagbà àdúgbò lọ́wọ́. Ilé ìlera tó wà nítòsí wa ní kí a bá àwọn pe àwọn tó ti pé ọdún 65 wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára flu àti ti òtútù àyà. A pín ìwé, a kéde, wọ́n gbọ́, púpọ̀ nínú wọn ní àwọn á wá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló wá. Kí la ṣe tí kò tọ́? Kí la lè máa sọ fún wọn, báwo la sì ṣe máa ṣe ètò náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, ẹ kú àmójútó àwọn àgbà. Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: wọ́n gbọ́, wọ́n sì ní àwọn á wá. Àìgbọ́ kọ́ ló dá wọn dúró nígbà náà. Ìwé pélébé àti ìkéde ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ ni, wọn kì í gbé èèyàn dé iwájú nọ́ọ̀sì. Ohun tó wà láàárín "màá wá" àti abẹ́rẹ́ pọ̀: orúnkún tó ń dunni, ọmọ tó ní kí màmá òun má lọ, ìbẹ̀rù tí wọn ò sọ síta, ọjọ́ tó pé tí wọn ò rántí. Iṣẹ́ olùyọ̀ǹda ni láti mọ èyí tó dí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́nà, kí ó sì bá a mú un kúrò. Ìwàásù kan náà fún gbogbo ilé kò lè ṣe é.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 2000, jọ iṣẹ́ yín gan-an. Wọ́n fi ìwé àlàyé ránṣẹ́ sí àwọn àgbàlagbà pẹ̀lú káàdì tí wọn yóò fi dáhùn. Àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, wá ń pe àwọn tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ lórí fóònù, wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ti gbà á àti ẹni tó kù. Nínú àwọn tí kò gba ti flu lọ́dún tó ṣáájú, nǹkan bí ìdajì ló gbà á lọ́dún náà. Láàárín àwọn tí wọn ò ṣe ètò yìí fún, kò tó ẹnì kan nínú mẹ́rin. Ní ti òtútù àyà, láàárín àwọn tí kò gbà á rí, nǹkan bí 52 nínú 100 ló gbà á nínú àwọn tí wọ́n ṣe ètò náà fún, nǹkan bí 31 nínú 100 sì ni nínú àwọn yòókù. Ohun mẹ́ta ló pa pọ̀ níbẹ̀: ìwé, ohùn ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, àti àkọsílẹ̀ tí kì í jẹ́ kí orúkọ ẹnikẹ́ni sọnù. Ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ṣe.

Nítorí náà, ẹ fi àgbà ránṣẹ́ sí àgbà. Ẹni ọdún 70 tó ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, tó lè sọ pé apá dun òun fún ọjọ́ kan tó sì lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ mẹ́wàá lọ lórí ọ̀ràn yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ yín wa ọkọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ, kí wọ́n máa bá ilé ìlera sọ̀rọ̀.

Ohun tí olùyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó jáde

Ọjọ́ méjì, ìdajì ọjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí nọ́ọ̀sì ilé ìlera náà sì wà níbẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n di dókítà. Àmọ́ ohun tí wọn ò mọ̀ dáadáa ni wọ́n máa ń fi àsọdùn bò mọ́lẹ̀, àsọdùn náà ló sì máa ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́.

Èkínní, kí wọ́n mọ ìdí tí abẹ́rẹ́ méjèèjì fi ń rìn pọ̀. Flu kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń bó awọ inú ọ̀nà èémí. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ pneumococcus, èyí tí abẹ́rẹ́ òtútù àyà ń dojú kọ, wà tó lè máa gbé inú imú àti ọ̀fun èèyàn láìṣe é ní nǹkan kan. Bí flu bá ti ba ọ̀nà jẹ́, ó rí ibi gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà yẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó kú nínú àjàkálẹ̀ flu ọdún 1918 wò, wọ́n rí i pé òtútù àyà tí bakitéríà fà lẹ́yìn flu ló wà nídìí ikú èyí tó pọ̀ jù. Ọkàn náà kì í bọ́ níbẹ̀. Ìwádìí kan láti Ontario ní Kánádà, tó jáde ní 2018, fi hàn pé láàárín ọjọ́ méje tí àyẹ̀wò bá ti rí flu lára èèyàn, ewu kí ọkàn kọlù ú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní heart attack, máa ń di bí ìlọ́po mẹ́fà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ń bá fínra yẹ kí ó gbọ́ èyí, torí òun gan-an lọ̀rọ̀ kàn.

Èkejì, ti flu ọdọọdún ni. Fáírọ́ọ̀sì náà ń yí padà, ohun tí ara kọ́ lọ́dún kan sì ń rẹlẹ̀ bí oṣù ti ń lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, máa ń jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti yan irú fáírọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ yóò dojú kọ: ní oṣù kejì fún apá àríwá ayé, ní oṣù kẹsàn-án fún apá gúúsù. Ara nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kó tó gbára dì, nítorí náà kí àsìkò flu tó wọlé ló dáa jù. Agbára tí ara fi ń kọ́ ìjà ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń ga. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú abẹ́rẹ́ flu fi jẹ́ ti àgbàlagbà: èyí tí èròjà inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti abẹ́rẹ́ flu lásán, àti èyí tí wọ́n fi ohun tó ń ta ara jí sí. Kí ẹ bi ilé ìlera bóyá wọ́n ní i. Bí kò bá sí, kí àgbàlagbà gba èyí tó wà. Kó má ṣe jókòó de èyí tí kò sí.

Ti òtútù àyà kì í ṣe ọdọọdún, ìgbàkigbà láàárín ọdún la sì lè gbà á. Ibí ni àṣìṣe ti máa ń pọ̀ jù. Oríṣi rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tí orúkọ wọn ń jẹ́ PCV20 àti PCV21 jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún àgbàlagbà tí kò gba irú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá gba oríṣi tó ń jẹ́ PCV15 yóò tún gba òmíràn, PPSV23, lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré tán lẹ́yìn ọdún kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó ti gba PPSV23 nìkan rí náà ní iye àkókò tó gbọ́dọ̀ kọjá kó tó gba òmíràn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó ń lò àti ọjọ́ orí tó fi bẹ̀rẹ̀. Olùyọ̀ǹda kò gbọ́dọ̀ pinnu èyí. Kí ó béèrè káàdì, kí ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Bí màmá bá ní "mo ti gba tèmi", kí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè èwo ni àti ìgbà wo. Púpọ̀ nínú wọn ní ti COVID tàbí ti ipá lọ́kàn.

Ẹ má ṣe ṣèlérí kọjá ohun tí abẹ́rẹ́ lè ṣe. Irú pneumococcus tí a mọ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, abẹ́rẹ́ sì ń dojú kọ ìwọ̀nba nínú wọn, àwọn tó ń ṣe jàǹbá jù. Kòkòrò mìíràn pẹ̀lú ń fa òtútù àyà. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Netherlands pẹ̀lú nǹkan bí 85,000 àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65, èyí tó jáde ní 2015, abẹ́rẹ́ PCV13 dín òtútù àyà tó wá láti ara irú 13 tó dojú kọ kù ní nǹkan bí 45 nínú 100. Èyí tó burú jù, tí kòkòrò náà ti wọnú ẹ̀jẹ̀ tàbí ibòmíràn nínú ara, dín kù ní nǹkan bí 75 nínú 100. Ìyẹn ti tó láti sọ. Bí ẹ bá ní "ẹ ò ní wúkọ́ mọ́", ikọ́ àkọ́kọ́ tó bá dé ni yóò sọ yín di òpùrọ́ lójú gbogbo àdúgbò.

Ó ṣeé ṣe láti gba méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, torí ẹni tí ìrìn ń ni lára yóò fẹ́ràn kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí olùyọ̀ǹda má fi ikú bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kí ó kí wọn, kí ó sọ ẹni tó rán an, kí ó béèrè bóyá àyè wà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" kò lè dáhùn: "Bàbá, kí lẹ ti gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ yìí?" Kí ó wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ṣòro jù fún olùyọ̀ǹda tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í dánra wò láàárín ara wọn. Bí bàbá bá ti sọ tán, kí ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí bàbá mọ̀ pé ó yé e: "Ẹ̀rù tó ń bà yín ni pé ó lè dá yín dùbúlẹ̀." Kí ó tó ṣàlàyé, kí ó gba àṣẹ: "Ṣé kí n sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wa lórí ìyẹn?" Ohun kan ṣoṣo ni kí ó sọ, èyí tó kan ohun tí bàbá wí. Kí ó wá béèrè: "Báwo lẹ ṣe rí i báyìí?"

Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn yóò bá pàdé kò pọ̀ títí. "Mo gbà á lọ́dún kan, flu náà ló tún ṣe mí." Ẹ má ní irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún àwọn àgbàlagbà kò ní fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè nínú, nítorí náà kò lè fa flu. Apá lè dunni, ara lè gbóná díẹ̀, kí ó sì wúwo fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ara tó ń kọ́ṣẹ́ ni. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kó flu kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tó pé, tàbí pé àìsàn mìíràn tó jọ ọ́ ni.

"Ara mi le, n kì í ṣàìsàn." Ẹ yìn wọ́n fún un, torí ìtọ́jú ara wọn ló gbé wọn débẹ̀. Kí ẹ wá sọ pé ara àgbàlagbà tó le pàápàá ń pẹ́ kó tó dá kòkòrò mọ̀. Flu àti òtútù àyà lè wọlé sára wọn láìmú ibà wá: ó lè jẹ́ pé oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́, tàbí pé wọ́n ń ṣubú, tàbí pé ọ̀rọ̀ wọn kàn ń dàrú lójijì, kí àwọn ará ilé tó fura ó ti pẹ́.

"Ọjọ́ alẹ́ ti dé, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, kì í ṣe ohun tí à ń fi ìṣirò dáhùn. Ẹ fetí sí i títí yóò fi tán. Ó lè jẹ́ ìdánìkanwà ló ń sọ̀rọ̀, nígbà náà ìbẹ̀wò kejì wúlò ju àlàyé kankan lọ. Bí àyè bá yọ, ẹ sọ pé ohun tí abẹ́rẹ́ ń dáàbò bò ni agbára láti dá dìde, láti dá wẹ̀, láti má ṣe di ẹni tí à ń gbé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí òtútù àyà dá dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn ni kì í padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ọmọ mi ní kí n má gbà á." Ẹ má sọ̀rọ̀ ọmọ láìdáa. Ẹ tọrọ àyè láti bá òun àti ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ pọ̀, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì. "Oògùn tí mò ń lò ti pọ̀ jù." Kí wọ́n kó páálí oògùn náà dání lọ́jọ́ abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró nítorí ọ̀rọ̀ olùyọ̀ǹda.

Ẹni tó bá kọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ béèrè ìgbà tí ẹ lè tún padà yà. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi sílẹ̀ títí di àsìkò mìíràn. Ẹ má sì san owó fún olùyọ̀ǹda lórí iye orí tó mú wá. Ipá ni yóò fi máa mú wọn.

Ìwé orúkọ, ọjọ́ àti ọkọ̀

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ bi ilé ìlera iye abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ lónìí, oríṣi méjèèjì. Àgbàlagbà tó fi ọ̀pá rìn dé, tí wọ́n ní kó padà lọ nítorí abẹ́rẹ́ tán, yóò ṣòro kó tún wá, yóò sì sọ fún àwọn ẹlòmíràn. Olùyọ̀ǹda kì í gbé abẹ́rẹ́ rìn: láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà, bó bá sì dì bíi yìnyín, ó ti bàjẹ́ bí ojú kò tilẹ̀ rí i.

Ẹ pín àgbàlagbà 10 sí 15 fún olùyọ̀ǹda kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lè mọ̀ wọ́n. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ kọ orúkọ, ibùgbé, fóònù, ẹni tí wọ́n ń bá gbé, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gbà àti ọjọ́ rẹ̀, ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe sọ ọ́, àti ohun tí ẹ ṣàdéhùn. Ìwé yìí gbé àṣírí ìlera èèyàn, ẹ fi í sábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Olùyọ̀ǹda tó bá sọ àìsàn ìyá kan fún aládùúgbò, ẹ má jẹ́ kó tún jáde mọ́.

Àwọn tó ti ní àwọn á wá ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe àwọn tó kọ̀. "Màá wá" kì í ṣe àdéhùn títí yóò fi ní ọjọ́, aago, àti ẹni tí yóò bá wọn lọ. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú wọn ń dé lójoojúmọ́. Ẹ pè wọ́n nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì, kí ẹ tún pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìpè tó ku ọjọ́ méjì yìí ló ń gbà èèyàn là jù, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa gbọ́ pé ọkọ̀ kò sí tàbí pé ara kò yá, tí àyè ṣì wà láti tún un ṣe.

Kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó wá, kí wọ́n wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ṣeé ká dé èjìká, kí wọ́n mú káàdì, gíláàsì ojú àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wọn dání. Ní ilé ìlera, ẹ bá wọn ṣètò àga tó ní ibi ìfọwọ́tì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò jìnnà, àti wákàtí tí èrò kò pọ̀. Àwọn tí kò lè jáde nílé rárá, ẹ kọ orúkọ wọn lọ́tọ̀ fún nọ́ọ̀sì tó ń lọ káàkiri.

Olùyọ̀ǹda lè gba ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀ ṣáájú, nọ́ọ̀sì ni yóò ṣèdájọ́: Ṣé ara wọn ti kọ abẹ́rẹ́ kan rí débi pé èémí wọn há tàbí ojú wọn wú? Ṣé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn rọ rí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ flu? Ṣé ibà wà lára wọn lónìí? Ṣé wọ́n ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí èyí tó ń tẹ agbára ara rì, bí oògùn jẹjẹrẹ? Ọ̀fìnkìn kékeré kì í ṣe ìdí láti sún abẹ́rẹ́ síwájú. Ibà líle ni. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè gba abẹ́rẹ́, kìkì pé a ó tẹ ojú abẹ́rẹ́ náà dáadáa fún bí ìṣẹ́jú méjì, láìfi ọwọ́ ra á.

Olùyọ̀ǹda fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti gba ti flu, bó bá sì ń wúkọ́, kí ó jókòó sílé. Kò yẹ kí àwa tó ń kéde ààbò ló máa gbé àìsàn wọlé tọ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Ara kíkọ̀ líle kì í wọ́pọ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí díẹ̀ ló máa ń fi hàn: kí ètè tàbí ojú wú, kí èémí há, kí ara bú yọ, kí òòyì kọ́ni. Nọ́ọ̀sì ni kí ẹ ké sí lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ nílé, kí wọ́n pe ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, kí ẹ béèrè bí apá ṣe rí. Apá dídùn àti ibà díẹ̀ yóò ti lọ láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí èjìká bá ń dun wọ́n ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí apá kò ṣeé gbé sókè, ó lè jẹ́ pé wọ́n gún un sókè jù. Kí wọ́n padà lọ fi han nọ́ọ̀sì.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ka iye ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, iye tó gbà láti wá, iye tó dé ilé ìlera, iye tó gba abẹ́rẹ́. Ká ní 60 ni ẹ bá sọ̀rọ̀, tí 40 gbà, tí 12 dé, ọ̀rọ̀ ẹnu yín kò ní àbùkù, ọkọ̀ àti ìpè ni kí ẹ tún ṣe. Bó bá jẹ́ pé 60 ni ẹ bá sọ̀rọ̀ tí 15 gbà, ẹ padà síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí 12 bá dé tí 7 péré gba abẹ́rẹ́, ẹ lọ bá ilé ìlera jókòó, wàhálà náà wà lọ́dọ̀ tiwọn. Kí ẹ sì rí i pé ọjọ́ àti oríṣi abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan wọnú káàdì àgbàlagbà àti ìwé tiyín, torí àwọn kan ṣì ní abẹ́rẹ́ òtútù àyà kejì láti gbà, ti flu yóò sì tún yí ká lọ́dún tó ń bọ̀.